Téṣàn Orí Tábìlì

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé létí àwọn àgbà kan. N óò sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ ojú irin kékeré tí àwọn ènìyàn ń tò sórí tábìlì nínú ilé wọn, pàápàá jù lọ nípa téṣàn rẹ̀, èyí tí a ń rà ní wẹ́wẹ́ nínú páálí, tí a ó sì fi ọwọ́ ara wa tò títí yóò fi di ilé. Bàbá kan ní àdúgbò wa bi mí léèrè pé, "Tíṣà, ṣé àgbàlagbà ni yóò máa fi gọ́ọ̀mù lẹ ilé tí adìẹ kò lè wọ̀?" Ẹ̀rín pa mí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà tọ́, nítorí iṣẹ́ yìí ń gba owó, ó sì ń gba àkókò ju owó lọ.

Èsì tí mo fún un nìyí. Ọkọ̀ tí ń yí po lórí tábìlì láìní ibi tí yóò dúró sí, òòyì lásán ni ó ń kọ́ ọ. Ní ọjọ́ tí ẹ bá gbé téṣàn kan kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin náà, ọkọ̀ ti rí iṣẹ́ ṣe. Ó ní ẹni tí yóò gbé, ó ní ẹni tí yóò sọ̀ kalẹ̀, ó sì lè pẹ́ dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ to téṣàn dáadáa ní láti ronú nípa ìlú tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀: ta ni ń bọ̀ wá wọkọ̀, ọ̀nà wo ni ó gbà wá, kí ni ó gbé lórí? Iṣẹ́ ọpọlọ ni, ẹ̀yin ará, kì í ṣe ti gọ́ọ̀mù nìkan.

Ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ti Jámánì àti ti Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ jù lọ. Frank Hornby, ará Liverpool, ni ó gba ìwé àṣẹ ìjọba ní 1901 lórí àwọn irin pẹlẹbẹ oníhò tí ọmọdé lè fi bóòtù so pọ̀ di afárá tàbí ẹ̀rọ agbẹ́rùsókè. Òun ni ó di Meccano lẹ́yìn ọ̀la. (Ọdún 1901 yìí kan náà ni ojú irin tí ó ti Èkó wá wọ Ìbàdàn. Èmi kò sọ pé ọ̀kan bí èkejì o. Mo kàn fẹ́ràn kí ọdún méjì pàdé ni.) Ní 1920 ilé-iṣẹ́ Hornby bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ ojú irin ìṣeré, nígbà tí ó sì di 1938 wọ́n gbé èyí tí ó kéré tó láti gba orí tábìlì ìjẹun jáde, wọ́n sọ ọ́ ní Hornby Dublo. Lẹ́yìn ogun ni ike wá gbòde. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Edwin àti Hermann Faller, dá ilé-iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1946 ní Gütenbach ní ilẹ̀ Jámánì, ilé kéékèèké fún ẹ̀gbẹ́ ojú irin sì ni ó sọ orúkọ wọn di ńlá. Ní England, Airfix náà ń ta téṣàn oníke ní àwọn ọdún 1950. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń fi páálí líle tí a ya àwòrán bíríkì sí lára ṣe tiwọn.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ìwọ̀n tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní OO, nínú èyí tí ẹsẹ̀ bàtà kan di mílímítà 4. Ìlẹ̀kùn tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àtààbọ̀ yóò jẹ́ mílímítà 26, ọkùnrin tí ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 9 yóò jẹ́ 23. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí àwọn ará Jámánì àti Amẹ́ríkà ń lò, tí wọ́n ń pè ní HO, kéré díẹ̀ sí èyí: mílímítà mẹ́ta àtààbọ̀ ni wọ́n fi ń dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Ìlẹ̀kùn yẹn kan náà kò ní pé mílímítà 23. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ra téṣàn ará Jámánì fún ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo èrò rẹ̀ ni yóò máa tẹrí ba kí wọ́n tó wọlé. Ẹ má wo àwòrán ẹ̀yìn páálí. Ẹ fi rúlà wọn ìlẹ̀kùn.

Ohun tí ó ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu ni pé, bí OO àti HO ti yàtọ̀ síra tó yìí, ojú irin kan náà ni wọ́n ń tọ̀, èyí tí ó fẹ̀ ní mílímítà mẹ́rìndínlógún àtààbọ̀. Ọkọ̀ ojú irin àwọn Gẹ̀ẹ́sì tín-ín-rín ju ti àwọn aládùúgbò wọn ní Yúróòpù lọ. Bí a bá dín in kù dé ìwọ̀n HO, mọ́tò iná ayé ìgbà náà kò ní gba inú rẹ̀. Wọ́n bá fẹ ara ọkọ̀ lójú, wọ́n fi ojú irin sílẹ̀ bí ó ti wà. Irọ́ kékeré ni, ojú sì ti mọ́ra fún un.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a ṣí páálí. Ẹ óò bá ògiri, fèrèsé, ìlẹ̀kùn, òrùlé àti ihò èéfín níbẹ̀, gbogbo wọn so mọ́ ọ̀pá ike tín-ín-rín bí èso ti ń so mọ́ ẹ̀ka. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà lórí ẹ̀ka náà. Nọ́ńbà wà létí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá já gbogbo wọn sínú abọ́ kan náà, wọ́n á dà bí ẹ̀wà tí a kò tíì ṣà. Nígbà tí ó bá sì kan ẹ̀yà kan, ẹ má fi ọwọ́ lọ́ ọ já. Yóò fà ya, tàbí kí ó fi kókó sílẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí ògiri méjì pàdé. Abẹ mímú ni kí ẹ fi gé e, kí ẹ máa gé e lọ síwájú, kúrò lápá ibi tí ọwọ́ kejì wà, kí ẹ sì fi sàńpépà ha ojú gígé náà. Ọmọdé kò gbọdọ̀ dá nìkan mú abẹ yìí o.

Lẹ́yìn èyí, ẹ to ilé náà láìfi gọ́ọ̀mù kàn án rárá. Ẹ fi rọ́bà tí a fi ń di owó so ó yíká, kí ẹ sì wò ó yípo. Ohun tí mo máa ń sọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni pé ilé tí kò bá dúró láìsí gọ́ọ̀mù, gọ́ọ̀mù kò ní mú un dúró. Yóò kàn mú un wọ́ títí ayé ni. Igun àkọ́kọ́ ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Ẹ mú sẹ́ẹ̀tì-sukúwèè inú àpótí ìṣirò ọmọ yín, ẹ fi í sí igun tí ògiri iwájú ti pàdé ògiri ẹ̀gbẹ́. Bí igun yẹn bá fi bí ìbú irun kan yẹ̀, ẹ kò ní mọ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ dé òrùlé lé e ni yóò tó fojú hàn, tí apá kan yóò bolẹ̀, tí apá kejì yóò ya ẹnu sílẹ̀.

Nípa gọ́ọ̀mù, ohun kan ń bẹ tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa tí ike. Kì í ṣe àtè. Àtè a máa dúró láàárín nǹkan méjì, a sì dì wọ́n mú. Ṣùgbọ́n èyí ń yọ́ ojú ike náà fúnra rẹ̀ ni, ojú méjèèjì á wọnú ara wọn, nígbà tí ó bá sì gbẹ tán, ike kan ṣoṣo ni wọ́n dà, bí irin méjì tí alágbẹ̀dẹ jó pọ̀. Nítorí náà díẹ̀ ló tó. Ẹ fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kékeré kán an sí inú igun láti ẹ̀yìn, yóò sáré gba ojú ìpàdé náà lọ fúnra rẹ̀. Bí ó bá kan ìka yín, tí ìka sì kan ògiri, àmì ìka yẹn yóò wà lára téṣàn bí òǹtẹ̀ ìjọba. Gọ́ọ̀mù yìí kò tún ń ran ibi tí ọ̀dà bá wà. Ẹ gbọ́dọ̀ ha ọ̀dà kúrò lójú ìpàdé kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣí fèrèsé ilé yín sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń lò ó, kí àtùpà àti sìgá sì jìnnà sí i, nítorí òórùn rẹ̀ kò dára fún ìmú, ó sì tètè ń gbiná. Ike tí ó mọ́ gaara, tí a fi ń ṣe gíláàsì fèrèsé, kò fẹ́ ẹ rárá. Ńṣe ni ojú rẹ̀ yóò ṣú. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà fi ń lẹ pákó ni kí ẹ fi lẹ ìyẹn. Bí ó bá gbẹ, ẹ kò ní rí i mọ́.

Bí ó bá jẹ́ téṣàn onípáálí ni ẹ rà, gọ́ọ̀mù funfun yìí náà ni, ṣùgbọ́n kí ó má pọ̀ kí páálí má baà wú. Ibi tí a ó bá ti ṣẹ́ ẹ, ẹ fi abẹ fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ sí i lẹ́yìn kí ó lè ṣẹ́ géérégé. Etí páálí a máa funfun níbi tí a ti gé e, ìyẹn ni ó sì ń tú àṣírí. Ẹ fi pẹ́ńsù aláwọ̀ bíríkì kùn ún. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ó sì ju gbogbo ọ̀ṣọ́ yòókù lọ.

Ike a máa dán. Ilé gidi kì í dán. Ọ̀dà tí kì í dán ni kí ẹ fi kun ún. Fún ògiri bíríkì, ẹ kọ́kọ́ fi àwọ̀ bíríkì kùn ún, kí ó gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà ẹ po ọ̀dà àwọ̀ eérú ṣàn bí omi, ẹ fi kun orí rẹ̀, kí ẹ sì yára fi àkísà nù ún kúrò. Ohun tí ó bá ṣẹ́ kù sínú kòtò wẹ́wẹ́ àárín bíríkì yóò jọ sìmẹ́ǹtì. Àwọn kan kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n dáwọ́ dúró nínú ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí. Wọ́n á fi èéfín dúdú kun gbogbo ilé bí ẹni pé iná jó o. Ibi tí ó yẹ kí èéfín wà ni etí òrùlé tí ó kọjú sí ibi tí ẹ́ńjìnnì ń dúró, àti ẹnu ihò èéfín. Ó tó.

Pèpéle téṣàn tún ní wàhálà tirẹ̀. Pèpéle àwọn Gẹ̀ẹ́sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 3 láti orí irin, ìyẹn mílímítà 12 ní ìwọ̀n OO. Gíga kò nira. Gígùn ni ẹjọ́ wà. Kọ́ọ̀ṣì kan, ìyẹn yàrá tí èrò ń jókòó sí, lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 64, tí í ṣe bíi mílímítà 256 lórí tábìlì. Mẹ́rin rẹ̀ ti lé ní mítà kan, a kò tíì ka ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn. Tábìlì ta ni yóò gbà á? Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà máa ń fi kọ́ọ̀ṣì méjì tàbí mẹ́ta mọ, wọ́n á sì gé pèpéle wọn bá a mu. Ojú kì í ka kọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ó máa ń rí ìrù ọkọ̀ tí ó yọ síta ní pèpéle.

Bí ojú irin bá tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ níbi tí pèpéle wà, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Níbi tí ojú irin bá ti tẹ̀, àárín kọ́ọ̀ṣì gígùn a máa yọ sínú, orí àti ìrù rẹ̀ a sì máa yọ síta. Pèpéle tí ẹ fi rúlà wọ̀n dáadáa yóò wá di ògiri tí ọkọ̀ ń fi ẹ̀gbẹ́ ha. Ẹ mú kọ́ọ̀ṣì tí ó gùn jù lọ nínú ilé yín, ẹ fi tẹ́èpù lẹ pẹ́ńsù kan mọ́ ọn láàárín, ẹ lẹ òmíràn mọ́ orí rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ tì í lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Pẹ́ńsù yóò kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín ibi tí pèpéle kò gbọdọ̀ kọjá. Ohun tí ó dára jù ni kí ẹ gbé téṣàn sí ibi tí ojú irin ti gún.

Èyí tí ó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ títò ni ìsàlẹ̀ ilé. Ẹ óò rí téṣàn tí wọ́n kùn dáadáa, tí wọ́n lẹ̀ dáadáa, síbẹ̀ tí ó léfòó lórí pèpéle bí páálí tí ẹnìkan gbàgbé síbẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ ògiri rẹ̀. Ilé gidi ní ìpìlẹ̀. Ẹ gé ojú pèpéle, kí ẹsẹ̀ ògiri wọlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì fi iyanrìn tí a jọ̀ dí àyè tí ó bá kù. Bí ẹ óò bá tan iná sínú rẹ̀, ẹ kun inú ògiri ní dúdú kí ẹ tó dé òrùlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo ilé ni yóò máa tàn bí fìtílà. Kí ẹ má sì lẹ òrùlé mọ́ ọn, nítorí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí iná yóò kú.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá. Téṣàn inú páálí, téṣàn ìlú onílùú ni. Ó ní ihò èéfín nítorí òtútù. Òrùlé rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ nítorí yìnyín. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀, ẹ tò ó kí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwa náà ní ojú irin, ẹni tí ó bá sì ti to ti ẹlòmíràn lè ṣe tirẹ̀. Ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, fẹ̀ ní mílímítà 1,435. Ẹ fi 87 mú mẹ́rìndínlógún àtààbọ̀, ẹ wo ohun tí yóò fún yín: 1,435 àti ààbọ̀. Ìwọ̀n HO bá a mu bí ìdérí ti ń bá ìkòkò mu. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe téṣàn Mọ́níyà ní Ìbàdàn tàbí ti Abẹ́òkúta lè ra ojú irin rẹ̀ ní ọjà.

Ti àtijọ́ ni ó nílò ìṣirò. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àtààbọ̀ ni fífẹ̀ rẹ̀, mílímítà 1,067. Àwọn ará New Zealand àti Queensland ní ojú irin tí ó fẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àwọn ni mo sì rí ọgbọ́n kọ́ lára wọn. Wọ́n ń lo ojú irin ọjà yẹn kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ́ ilé àti ọkọ̀ ní ìwọ̀n 1 sí 64. Ẹ fi 64 mú mẹ́rìndínlógún àtààbọ̀, ó di 1,056. Mílímítà 11 péré ni ó fi dín. Ní ìwọ̀n yìí, bí ẹ bá pín íǹṣì kan sí ọ̀nà 16, mẹ́ta nínú rẹ̀ ni ẹsẹ̀ bàtà kan, gbogbo rúlà ilé-ìwé ni ó sì ní ìlà rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mẹ́fà mú tépù, a lọ sí téṣàn kékeré kan lórí ojú irin àtijọ́ yìí, tí ọkọ̀ kì í dúró mọ́. Ìdajì òrùlé rẹ̀ ti lọ. Wọ́n wọn gbogbo rẹ̀: ilé gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 32, èyí tí í ṣe íǹṣì 6 géérégé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 8, íǹṣì kan àtààbọ̀. Wọ́n fi páálí bísíkíìtì gé ògiri. Fún òrùlé páànù, wọ́n gbé bébà fàdákà inú páálí tíì lé orí kóòmù eléyín wẹ́wẹ́, wọ́n fi ìdí báírò tẹ̀ ẹ́ lọ láàárín eyín kan sí èkejì. Bí ẹ bá rí i, ẹ óò ní kí òjò rọ̀ sórí rẹ̀ kí ẹ gbọ́ bí yóò ti dún.

Ìyá arúgbó kan ń gbé nítòsí ibẹ̀ tí ó ní òun ta ẹ̀kọ àti àkàrà ní pèpéle náà nígbà ọmọge òun. Nígbà tí ògiri àti òrùlé dúró tán, a gbé ilé náà lọ fún un wò. Àwọn ọmọ kúnlẹ̀, wọ́n gbé e síwájú rẹ̀ lórí àga. Ó wò ó pẹ́, ó fi ìka kan òrùlé. Ó ní, "Ilé náà rèé lóòótọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ kú iṣẹ́. Àwa dà?"

Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn wá. Àwọn tí ń ta nǹkan kì í jókòó síwájú ilé, ọ̀gá téṣàn kò gbà. Ìpẹ̀kun pèpéle ni wọ́n ń jókòó sí, lábẹ́ igi odán, nítorí ibẹ̀ ni kọ́ọ̀ṣì kíláàsì kẹta máa ń dúró sí gan-an. Ó ní àjákù irin kan wà tí a so kọ́ etí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń lù bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní téṣàn tí ó ṣáájú. Bí ó bá ti dún, àwọn á da àkàrà tuntun sínú epo, kí ó lè gbóná nígbà tí fèrèsé bá ṣí. Ìwọ̀nba ìgbà tí ọkọ̀ fi ń dúró kò ju kí èèyàn sáré gba owó, kí ó wá ṣéńjì. Ó dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń tà. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tí a fi kọ ìwọ̀n ògiri sí.

Obìnrin tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 4 jẹ́ íǹṣì kan ní ìwọ̀n yìí, mílímítà 25. Wáyà ni a fi ṣe egungun wọn, bébà rírẹ ni aṣọ, bọ́tìnnì ẹ̀wù sì ni atẹ. Bọ́tìnnì kan ń dúró fún atẹ tí ó lé díẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, kò sì sí ẹni tí yóò rí i tí kò ní mọ̀ ọ́n. Àjákù abẹ́rẹ́ ni irin tí wọ́n ń lù. Igi odán ni ó kù báyìí. A fi wáyà lọ́ ọ̀pá rẹ̀, kànìnkànìn tí a rẹ sínú àwọ̀ ewé ni a ń dán wò fún ewé, ó wà lójú fèrèsé kíláàsì, ó ń gbẹ lọ́wọ́. Ìyá ti ní bí ó bá gbẹ, kí a kọ́kọ́ gbé e wá fún òun kí a tó gbìn ín, òun yóò sọ ibi tí òjìji rẹ̀ máa ń bọ́ sí lọ́sàn-án.